Gẹ̀ẹ́sì Ìntáfíù Tó Ń Há Yín Lọ́fun

Níbi tí mo ti ń tẹ CV fún àwọn èèyàn ní Sábó, nílùú Ifẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí láràárọ̀. Mo ti dáhùn wọn títí ó ti sú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Àǹtí, ṣé kí n kọ́ ìdáhùn sórí?
Rárá. Tí wọ́n bá yí ìbéèrè padà díẹ̀, o ti sọnù nìyẹn.

Tí mi ò bá gbọ́ ohun tí wọ́n bi mí ńkọ́?
Sọ pé "Please, could you repeat the question?" Má kàn máa mi orí.

Wọ́n ní "Haven't you used Excel before?" Mi ò lò ó rí, mo ní "Yes". Ni wọ́n bá ní kí n wá lò ó.
"Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò lò ó rí" lo ní lọ́kàn. Lédè wa, ó tọ́. Ṣùgbọ́n tí o ò bá lò ó rí, "No, I haven't" ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́. Máa sọ gbólóhùn náà tán, má fi "yes" tàbí "no" nìkan sílẹ̀.

Mo máa ń pe obìnrin ní "he". Mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé, ẹnu mi ni kò gbọ́.
Ojú mi rí màbo lọ́wọ́ èyí. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo wá lọ sí Iléṣà. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Màmá àgbàlagbà kan ni, wọ́n tọ́jú mi bí ọmọ. Mo bẹ̀rẹ̀: "They taught me how to keep the books. They come early every day." Ọkùnrin tó jókòó láàárín gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó bi mí pé ọ̀gá mélòó ni mo ní. Àyà mi já. Mo ní ẹnì kan ni, "he is a very kind woman." Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wolẹ̀. Wọn ò gbà mí.

Kì í ṣe pé orí wa ò pé. "Ó" kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin, obìnrin àti àga pàápàá. Tí ẹni náà bá sì jù wá lọ, ó di "wọ́n". Ẹnu tó ti ń pọ́n àgbà lé láti kékeré, "they" ló máa kọ́kọ́ sọ. "She" kò rí àgbà fín nínú Gẹ̀ẹ́sì. Fọkàn balẹ̀ sọ ọ́.

Ohun tó yọ mí ni pé lálaalẹ́, mo ń sọ ìtàn ìyá mi sínú fóònù fún ìṣẹ́jú méjì, láìwo ìwé. Lẹ́yìn náà, mo máa tẹ́tí sí i, mo máa fa ìlà kan fún gbogbo "he" àti "they" tó ṣìnà. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ìlà mọ́kànlá. Ó tó oṣù kan ààbọ̀ kí n tó rí alẹ́ tí kò ní ìlà kankan. Tí ọkàn rẹ kò bá tíì balẹ̀ lọ́jọ́ ìntáfíù, tún "my manager" pè dípò "she".

Mo ń pe "apple" ní "happle", mo ń pe "house" ní "ouse".
Èyí kọjá agbára mi. Wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì, kó jókòó tì ọ́, kó máa gbọ́ ẹnu rẹ. Má lọ sanwó fún àwọn tó ń ta ìwé àkọ́sórí. Tó bá jẹ́ pé ọ̀la ni ìntáfíù rẹ, má da ara rẹ láàmú nípa "h" ná. Rọra máa sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè gbọ́ ọ.