Kóòdù P0335 (àṣìṣe sẹ́ńsọ̀ kíráńkì): Ẹ yẹ wáyà wò kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀ tuntun

Sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, báàtìrì kò kú, epo wà, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì kọ̀, kò dáhùn. Sẹ́ńsọ̀ kíráńkì ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ ibi tí kíráńkì (ọ̀pá tí àwọn písítìnì ń yí) yí dé, kó lè mọ ìgbà tí pọ́lọ́ọ̀gì yóò tanná. Bí àmì yẹn kò bá dé, pọ́lọ́ọ̀gì kì í sábà tanná rárá.

Ẹ so sikánà (ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù) mọ́ ọkọ̀ náà, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ máa wo RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń fi nǹkan bíi 150 sí 300 hàn, àmì ń wọlé. Ẹ wá ẹ̀bi lọ síbòmíràn. Tó bá dúró sí òdo, tí P0335 sì wà níbẹ̀, ẹ má tíì náwó. Kóòdù yẹn kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Ohun tó ń sọ ni pé ìṣòro wà níbì kan láti sẹ́ńsọ̀ dé kọ̀ǹpútà, ó sì lè jẹ́ wáyà.

Ẹ yọ kọ́nẹ́tọ̀ sẹ́ńsọ̀, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀: ìpẹtà aláwọ̀ ewé, ọ́ìlì, tàbí píìnì tó ti wọ inú lọ. Ẹ rọra fa wáyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí bàbà inú rẹ̀ ti já máa ń fà bíi rọ́bà, bí ara rẹ̀ lóde tilẹ̀ dán.

Tí wáyà bá jẹ́ mẹ́ta, irú Hall ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó nílò iná láti ara ọkọ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ gbé mítà tí a fi ń wọn iná sí 20 volt DC. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní 5 tàbí 12 volt, bí àwòrán wáyà ọkọ̀ náà bá ṣe sọ. Fún wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tó lọ sí négátíìfù), ẹ fi ẹnu pupa mítà kan orí pọ́sítíìfù báàtìrì, kí dúdú kan píìnì ẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kó sún mọ́ iye volt báàtìrì. Bí 5 volt kò bá sí, ẹ yọ kọ́nẹ́tọ̀ àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń pín in lò lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tó ti ṣọ́ọ̀tì lè fa gbogbo rẹ̀ lulẹ̀.

Ẹ wá dá kọ́nẹ́tọ̀ padà, kí ẹ ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọn wáyà àmì. Ẹ yọ fíùsì pọ́ǹpù epo àti kọ́nẹ́tọ̀ kọ́ìlì tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná kí ẹ́ńjìnnì má baà ṣàdédé ta, kí ẹ sì fi súpánà yí púlì kíráńkì díẹ̀díẹ̀. Àmì gbọ́dọ̀ máa fò láti òdo sí 5 volt (12 nínú àwọn ọkọ̀ kan). Ẹ má fi ohm (bí wáyà ṣe ń dènà iná tó) wọn irú Hall. Kò ní sọ òótọ́ fún yín.

Oníwáyà méjì ni a ń fi ohm wọn. Ọ̀pọ̀ wà láàárín 200 sí 1,500, ìwé ọkọ̀ ló sì ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí mítà bá kọ OL, ó túmọ̀ sí pé iná kò lè kọjá, kọ́ìlì inú rẹ̀ ti já. Nígbà tí sítátà bá ń yí i, ó yẹ kí volt AC máa jáde. Tí kò bá tó nǹkan, ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ wò: mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè ti kó ìyẹ̀fun irin jọ, tàbí kí eyín kan ti kán lára jíà rẹ̀.

Ti ẹ́ńjìnnì tó ń kú nígbà tó bá gbóná, tó tún ń ta bó bá tutù, ló máa ń dààmú èèyàn jù. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun gbóná sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì bí mítà ti wà lórí rẹ̀; bó bá bọ́ sí OL, ẹ ti mú un.

Lẹ́yìn pípààrọ̀, ẹ pa kóòdù rẹ́. Àwọn ọkọ̀ kan tún ń béèrè pé kí sikánà kọ́ kọ̀ǹpútà ní sẹ́ńsọ̀ tuntun náà.