Bí A Ṣe Ń Ya Lẹ́tà Abanilẹ́rù Tó Gba Àmì Yorùbá

Lẹ́tà tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀, irú èyí tó ń wà lára pósítà Halloween àti fíìmù iwin, máa ń ṣi ẹni tó ń ka Yorùbá lọ́nà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sábẹ́ O, Ọ ni ojú máa rí: OKO á di ỌKỌ. Torí náà, bí o bá ń ṣe fọ́ǹtì (àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò) irú èyí, má fi ẹ̀kán kankan sábẹ́ E, O àti S. Inú ihò wọn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni kó ti máa ṣàn. T, H àti R lè kán bó ṣe wù ẹ́.

Lẹ́tà ńlá nìkan ti tó. Mọ́kànlélógún (21) lo máa yà, torí G àti B ló ń bí GB, àmì abẹ́ ló sì ń sọ E, O, S di Ẹ, Ọ, Ṣ. Lórí bébà A4, jẹ́ kí lẹ́tà ga ní sẹ̀ǹtímítà 4, kí o fi 1.5 sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Máákà dúdú ni kí o lò. Etí lẹ́tà lè rí ṣákaṣàka, ṣùgbọ́n kí ìnípọn wọn dọ́gba, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n jọ ọmọ ìyá. Ya A, E, I, O lẹ́ẹ̀mejì, torí fáwẹ́lì pọ̀ lédè wa; bí O mẹ́ta bá jọra délẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ ọwọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀dà kejì ni kí o fi sí ààyè lẹ́tà kékeré. Fún àwọn tó kù, da ti ńlá kọ síbẹ̀.

Fi ẹ̀rọ síkáànì gbé bébà náà sórí kọ̀ǹpútà ní 600 dpi (tó-tò-tó 600 lórí ínǹṣì kan). Nínú Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, lo Trace Bitmap láti sọ àwòrán náà di ìlà, lẹ́yìn náà Simplify, tó ń mú ìlà dán, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kejì á fá gbogbo ṣákaṣàka náà dànù. Fi SVG (fáìlì àwòrán onílà) lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú FontForge, ètò tí a fi ń ṣe fọ́ǹtì, kí Em Size (ìwọ̀n àpótí lẹ́tà) jẹ́ 1000. Má jẹ́ kí lẹ́tà ga ju 620 lọ, kí àmì ohùn lè rí ààyè. Bí ihò O bá dí, tẹ Correct Direction.

Níbí ni iṣẹ́ wà jù. Ẹ, Ọ, Ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà (U+1EB8, U+1ECC, U+1E62), bẹ́ẹ̀ náà ni À, Á àti Ǹ. Àṣẹ Build Accented Glyph nínú FontForge á kó wọn jọ, ti ńlá àti ti kékeré. Ṣùgbọ́n Ẹ́ àti Ọ̀ kò ní ààyè tiwọn. U+0300 (àmì ohùn ìsàlẹ̀) àti U+0301 (àmì ohùn òkè) ló máa gun orí wọn, torí náà fi anchor (ojú ibi tí àmì ti ń so mọ́ lẹ́tà) sókè gbogbo fáwẹ́lì, Ẹ àti Ọ, pẹ̀lú M àti N. Ya U+0323 (àmì abẹ́) náà, kí o fi anchor ìsàlẹ̀ sí E, O, S. Kí fífẹ̀ àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 0. Láìsí anchor, ohùn á fò lọ bà lé lẹ́tà mìíràn.

Àmì abẹ́ lè jẹ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ roboto, ṣùgbọ́n kí àlàfo 40, ó kéré tán, wà láàárín òun àti lẹ́tà. Èékánná ló dára fún àmì ohùn, tó bá gún régé: bó bá tẹ̀, a kò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Fi ÀǸJỌ̀NNÚ àti Ẹ̀RÙ dán an wò.

Àkọlé nìkan ni kí o fi kọ, láti 60 pt sókè lórí pósítà. Kí àlàfo ìlà jẹ́ 1.4, kí ẹ̀kán òkè má bàa bọ́ lé ohùn ìsàlẹ̀. Kí o tó fi fáìlì ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán nípasẹ̀ Object to Path, torí kọ̀ǹpútà tiwọn kò ní fọ́ǹtì rẹ.