Bí Orí Bá Gbá Lórí Pápá: Ẹ Béèrè Ẹni Tó Ní Túúlu Nílé

Ìwé kékeré yìí wà fún ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ ní Àkúrẹ́, Oǹdó, Ìdànrè, Ilé-Olújí àti àwọn abúlé tó wà láàárín wọn, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín máa ń ti oko kòkó dé nírọ̀lẹ́, tí kò ní í fọ ẹsẹ̀ tán tó fi máa gba pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ọ̀rọ̀ kòkó la sábà máa ń bá yín sọ. Tòní yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kòkó náà kò ní í jìnnà sí i.

Ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ọ̀dà, ọmọkùnrin méjì fò sókè láti fi orí gba bọ́ọ̀lù kan náà. Orí gbá orí, gbàà! Àwọn méjèèjì ṣubú, wọ́n dìde, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ara ọ̀kan fi yá pátápátá. Èkejì ń di orí mú fún oṣù méjì gbáko. Kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ìlọta ń dà á láàmú, oúnjẹ ń rùn sí i. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó ń ṣe é. Èmi kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ìbéèrè mìíràn ni mo bi wọ́n: ta ló ní túúlu nínú ìdílé yín?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí

Ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán, inú omi ló sì wà nínú agbárí. Ẹ wo omi inú agbè tí ọmọ gbé sáré, tó wá dúró lójijì: agbè ti dúró, omi ṣì ń bì síwá bì sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ṣe máa ń mì nígbà tí orí bá gbá. Kò dìgbà tí ọmọ bá dákú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ọpọlọ wọn mì kò dákú rárá. Ojú rẹ̀ lè ṣú, òòyì lè máa kọ́ ọ, ó lè máa béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀fọ́rí ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ya fọ́tò inú orí, wọn kì í sábà rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyẹn kò sọ pé ọmọ ń ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ̀fọ́rí tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí ìgbà tí orí gbá ni àwọn dókítà máa ń kà sí ti ìfarapa náà. Èyí tó bá ju oṣù 3 lọ, wọ́n á ní ó ti jókòó. Àgbàlagbà sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ gbogbo àmì náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ti ọmọdé lè tó oṣù kan.

Òjò kan náà, igi méjì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ èyí jù mí lọ. Òjò oṣù kẹjọ kan náà ló rọ̀ sórí igi kòkó méjì tó dúró ti ara wọn. Èso ọ̀kan dúdú, ó jẹrà mọ́ igi. Èkejì ń pọ́n lọ ní tirẹ̀. Òjò ni òjò, ṣùgbọ́n irúgbìn tí igi kọ̀ọ̀kan ti wá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Bí orí bá gbá, òjò nìyẹn. Ohun tí ọmọ jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ni irúgbìn. Bí ọmọ kò jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá, àti lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́rí pàápàá.

Túúlu ni ẹ̀fọ́rí tó sábà máa ń lù kì-kì-kì ní ẹ̀gbẹ́ orí kan, tí èébì ń bá a rìn, tí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo sì máa ń mú kó le sí i. Ẹ̀fọ́rí tó ń tẹ̀lé orí gbígbá sábà máa ń jọ ọ́ bí ìbejì. Lọ́dún 1972, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W. B. Matthews, kọ̀wé nípa àwọn agbábọ́ọ̀lù tí túúlu máa ń gbé nígbà tí wọ́n bá fi orí kan bọ́ọ̀lù. Ọmọ tí túúlu wà nínú ìdílé rẹ̀, tàbí tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ló wà nínú ewu pé ẹ̀fọ́rí náà lè pẹ́ lára rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin náà sì máa ń fara gbá a ju ọkùnrin lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé àjogúnbá ni túúlu? Àwọn ìbejì ni wọ́n lò. Wọ́n fi ìbejì tó jọra pátápátá wé èyí tí kò jọra, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń mú túúlu ṣeni ló ti inú ẹ̀jẹ̀ wá. Ìyókù jẹ́ ti oorun, oúnjẹ, ìrònú, oòrùn, àti orí gbígbá náà.

Ẹ dákun, ẹ má fi wé jẹ́nótáìpù tí ìjọ máa ń béèrè kí wọ́n tó so ìyàwó àti ọkọ pọ̀. AS àti SS, ibì kan ṣoṣo nínú àjogúnbá ni wọ́n ti wá, àyẹ̀wò kan sì ti tó. Ti túúlu kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ ńlá kan tó jáde lọ́dún 2022, wọ́n yẹ àjogúnbá àwọn 102,084 tó ní túúlu wò, ibi 123 ni wọ́n sì ti rí ìyàtọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá kékeré tirẹ̀ sí i. Ìran Yúróòpù sì ni gbogbo wọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni ní Ọjà Ọba bá fẹ́ ta àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún yín tó máa sọ bóyá ọmọ yín lè gbá bọ́ọ̀lù, ẹ fi owó yín ra ajílẹ̀. Àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní APOE náà, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lára àwọn eléré ìdárayá. Àwọn kan ní ó ń dí ìwòsàn lọ́wọ́, àwọn mìíràn ní àwọn kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan wà tó yàtọ̀, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Àwọn ìdílé kan wà tí túúlu máa ń rọ apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan fún wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ díẹ̀, kó tó padà bọ̀ sípò. Lọ́dún 1996 ni wọ́n rí ọ̀kan nínú àjogúnbá tó ń fà á, CACNA1A. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe ilẹ̀kùn tí kálísíọ̀mù ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Bí ilẹ̀kùn náà bá ti ń yára ṣí jù, orí gbígbá kékeré lè mú ọpọlọ wú, kí ọmọ sì sùn lọ láìjí. Ìdajì ni àǹfààní pé òbí tó ní i yóò fún ọmọ rẹ̀. Bí irú èyí bá wà nínú ìdílé yín, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà àti kóòṣì, kódà bí wọ́n bá ti ń pè é ní àsàsí láti ìgbà bàbá ńlá.

Kí lẹ máa ṣe

Ẹ yọ ọmọ kúrò lórí pápá, kó má sì padà lọ́jọ́ náà. Ìtìjú kankan kò sí níbẹ̀. Láti ọdún 2024, òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé ti fàyè gbà á kí ìdíje fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tí orí rẹ̀ gbá, láìkà á mọ́ iye ìpààrọ̀ tí ẹgbẹ́ náà ní.

Kó sinmi fún ọjọ́ kan sí méjì, kó sì dín wíwo fóònù kù. Títì í mọ́ inú yàrá dúdú fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò wúlò. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì náà kó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Kó má gbé agbọ̀n kòkó sórí, kó má gun ọ̀pẹ, kó má gun ọ̀kadà. Bí ara bá ń gbà á, kó sáré díẹ̀, kó fi bọ́ọ̀lù dánra wò lóun nìkan, lẹ́yìn náà pẹ̀lú àwọn mìíràn láìsí ìkọlura. Ó kéré tán, kí ọjọ́ kan wà láàárín ìgbésẹ̀ kan àti èkejì, kí dókítà sì fọwọ́ sí i kó tó wọ inú ìkọlura.

Lórí oògùn: Panadó ni, ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, nítorí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nínú orí, wọ́n lè mú un dà sí i. Alábùkún tó wà nínú àpò gbogbo ìyá wa, aspirin wà nínú rẹ̀, kò sì tọ́ sí ọmọdé rárá. Ẹ fi bírò sàmì sí kàlẹ́ńdà lójoojúmọ́ tó bá lo oògùn. Ẹni tó ń lò ó fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, tó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ju oṣù 3 lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ á di ohun tó ń fa ẹ̀fọ́rí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká ọrùn ọmọ pé òun ń tún un tò.

Bí ẹ̀fọ́rí bá ń le sí i, tó ń bì léraléra, tí gìrì mú un, tí ẹyinjú kan tóbi ju èkejì lọ, tí apá tàbí ẹsẹ̀ rọ, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde ní etí tàbí imú, tàbí tí kò ṣe é jí dáadáa, ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn UNIMED, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, èyí tó bá sún mọ́ yín.

Ìwé tí ẹ máa mú dání

Kí ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ní ìdílé ìyá, ta? Ní ìdílé bàbá, ta? Láti ọmọ ọdún mélòó? Ìmọ̀ràn kan rèé: bí ẹ bá bi màmá àgbà pé "Ṣé ẹ ní túúlu?", wọ́n á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí nítorí orí fífọ́.

Ìyá ọmọkùnrin kejì yẹn kọ́kọ́ sọ pé kò sí nǹkan kan tó jọ ọ́ nílé àwọn. A ti fẹ́ dìde nígbà tó ní, "Àmọ́ ìyá mi, nígbà tí a bá ń sá kòkó, wọ́n máa ń fi gèlè so orí le, wọ́n á sùn sínú òkùnkùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. A rò pé ó ń rẹ̀ wọ́n ni." A kọ ìyẹn sórí ìwé. Nígbà tí dókítà kà á, oògùn túúlu ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ.