Kí a tó fún ọmọ yín ní oògùn tó ń dẹ iṣan: ohun tí ẹ ó ṣe àti ohun tí ẹ ó sọ

Bí wọ́n bá fẹ́ yọ bẹ́lúbẹ́lú ọmọ, tàbí tí wọ́n fẹ́ la ikùn rẹ̀, oògùn oorun nìkan kì í sábà tó. A ní láti ti rọ́bà tín-ínrín kan bọ ọ̀nà èémí rẹ̀, iṣan ikùn náà sì gbọ́dọ̀ rọ̀ kí dókítà tó lè rí ibi tó ń ṣe. Oògùn tó ń bá wa dẹ iṣan yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí sọ. Nọ́ọ̀sì akunilóorun ni mí, ibi orí ọmọ ni mo máa ń dúró sí ní tíátà, ohun tí ẹ bá sì sọ fún mi ni màá fi mọ èyí tí màá fà sínú síríńjì.

Oògùn yìí kì í kunni lóorun, kì í sì í pa ìrora. Ìdí nìyẹn tí oorun fi máa ń ṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí ohun tí ọpọlọ ń rán sí iṣan dé ibẹ̀. Ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, títí dórí iṣan tí ọmọ fi ń mí, gbogbo wọn á dákẹ́. Ọkàn ò ní dákẹ́, torí iṣan tirẹ̀ yàtọ̀. Àwa la máa ń mí fún ọmọ náà látìgbà yẹn lọ, yálà pẹ̀lú báàgì tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ tàbí pẹ̀lú ẹ̀rọ, títí oògùn á fi kúrò lára rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé wọ́n gbé ọmọ yín sórí ìwọ̀n. Ẹ má fẹnu sọ pé “ó máa tó kílò méjìlá”. Kílò la fi ń ṣírò oògùn yìí. Bí ọmọ bá jẹ́ kílò 12, atracurium (ọ̀kan lára àwọn oògùn tó ń dẹ iṣan) tí màá fún un jẹ́ mílígíráàmù 6, ìyẹn ìdajì mílígíráàmù fún kílò kan. Mílígíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà kan oògùn yẹn, torí náà mo máa ń fa mílílítà kan, màá fi omi iyọ̀ pò ó di mílílítà 10, kí mílígíráàmù kan lè wà nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan, màá wá lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ síríńjì. Mílílítà 6 lèmi ó lò nínú rẹ̀. Bí ìwọ̀n bá ti ṣì, gbogbo ìṣirò yìí ti ṣì nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lọ́kàn mi: ǹjẹ́ ẹnì kan wà ní ìdílé bàbá tàbí ti ìyá tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò tètè jí, tí ara rẹ̀ gbóná lójijì lórí tábìlì, tàbí tó kú síbẹ̀? Mo mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí kì í rọrùn láti sọ. Àwọn ẹbí á ti ní ayé ló ṣe é, wọn ò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wa. Suxamethonium, oògùn mìíràn tó ń dẹ iṣan, máa ń tán lára láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, torí èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń tú u ká. Àwọn kan wà tí wọ́n bí láìní èròjà yìí tó. Lára tiwọn, ó lè di wákàtí kí wọ́n tó lè fúnra wọn mí. Àwọn mìíràn sì wà tí oògùn yìí tàbí afẹ́fẹ́ oorun bíi halothane máa ń mú iṣan wọn gan, tí ara wọn á gbóná bí iná. Méjèèjì ló ń ti ìdílé wá. Bí a bá ti mọ̀ ṣáájú, oògùn mìíràn wà tí a lè lò.

Ẹ sọ fún wa bí ọmọkùnrin yín bá pẹ́ kó tó rìn, tó ń ṣubú léraléra, tàbí tó jẹ́ pé ńṣe ló ń fi ọwọ́ ti itan ara rẹ̀ kó tó lè dìde nílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún bóyá ó ki ju bó ṣe yẹ lọ. Ó lè jẹ́ àìsàn iṣan tí wọ́n ń pè ní Duchenne. Bí a bá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní suxamethonium, èròjà kan tó ń jẹ́ potassium á ya jáde láti inú iṣan sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn sì lè dúró. Irú ikú yìí láàárín àwọn ọmọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ pé wọ́n ní àìsàn náà ló mú kí Amẹ́ríkà kìlọ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999 pé kí wọ́n má kàn máa fún ọmọdé ní oògùn yìí láìsí ìdí pàtàkì. Ewu potassium yìí kan ọmọ tí iná jó gan-an náà, bí ó bá ti ju ọjọ́ kan lọ.

Bí ọmọ bá gbé oògùn kòkòrò tó ní dichlorvos mu, tàbí tó dà sí i lára, ẹ sọ ọ́. Ó máa ń ba èròjà tó ń tú suxamethonium ká jẹ́. Bí ẹ bá ti ra abẹ́rẹ́ gentamicin ní kẹ́mísì kí ẹ tó gbé e wá, ẹ sọ ìyẹn náà, torí ó lè mú kí atracurium pẹ́ lára.

Ó wá ku oúnjẹ. Bí iṣan bá ti dẹ̀, ọmọ ò lè wúkọ́, ohun tó wà nínú ikùn sì lè gòkè wá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Oúnjẹ àti mílíìkì inú agolo, wákàtí 6 ṣáájú. Ọmú ìyá, wákàtí 4. Omi lásán, wákàtí 2. Oúnjẹ ni ògì. Oúnjẹ ni tíì tó ní mílíìkì. Bí ìyá àgbà bá ti fún un ní bísíkíìtì kan péré, ẹ má fi pa mọ́ nítorí kí wọ́n má baà sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí yín. Bí ọ̀rọ̀ ò bá lè dúró, a mọ bí a ṣe ń ṣe é fún ọmọ tó ti jẹun, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ má sì febi pa á ju bí a ṣe sọ lọ, pàápàá ọmọ tí jínótàìpù rẹ̀ jẹ́ SS. Ẹ fún un lómi títí di àsìkò tí a bá dá fún yín.

Eyín tó ń mì, ọ̀fìnkìn, làálì dúdú lórí èékánná: gbogbo rẹ̀ lẹ ó fi hàn wá. Làálì lè mú kí ẹ̀rọ tí a ń fi sí ìka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ ka nǹkan tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, neostigmine àti atropine la sábà fi ń lé ìyókù atracurium. N kì í yọ rọ́bà fún ọmọ ọwọ́ àyàfi tó bá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè fúnra rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé e fún yín, ẹ máa wò ó. Bí ìpéǹpéjú rẹ̀ ò bá lè ṣí, bí àyà rẹ̀ ń wọnú tó bá ń mí, tí ẹkún rẹ̀ ò dún, tàbí tí kò lè fa ọmú, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rò pé oorun lásán ni. Bí ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ bá ní ọrùn àti èjìká ń ro òun lọ́jọ́ kejì, suxamethonium máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í pẹ́ lọ.

Kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo oògùn tí a lò sínú káàdì ọmọ náà, àti bó ṣe jí sí.