Ògiri Fáíbà Tó Gbé Àpò Símẹ́ǹtì Mẹ́ta, Tí Kò Lè Gbé Ẹ̀rọ Amúlétutù Kan

₦185,000 ni mo tún ná lórí ògiri tí ẹni tó tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé ó le ju búlọ́ọ̀kù lọ. Inú ṣì ń bí mi, nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí ó bi mí kí wọ́n tó ṣe ògiri náà, kò bi mí: níbo ni ẹ óò gbé nǹkan wíwúwo kọ́ sí?

Ilé oníyàrá méjì ni, ní Kubwa. Wọ́n ti ṣe ògiri rẹ̀ parí kí wọ́n tó fi ọkọ̀ kó o wá, ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n sì fi tò ó sínú férémù irin. N kò ní ẹ̀sùn lórí ìyẹn. Ògiri náà nípọn ní mìlímítà 75: awọ fáíbà mìlímítà 2 níta, òmíràn nínú, fóòmù líle láàárín wọn. Bí ògiri bá fẹ́ tẹ̀, wọ́n á máa fa awọ kan, wọ́n á máa ti èkejì pọ̀, fóòmù ni kì í jẹ́ kí wọ́n yọ̀ kúrò nípò. Bí àlàfo àárín awọ méjèèjì bá di ìlọ́po méjì, agbára ògiri láti kọ títẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Mo tẹ́ ègé ògiri tó ṣẹ́kù lé búlọ́ọ̀kù méjì, mo to àpò símẹ́ǹtì mẹ́ta sí àárín rẹ̀, kílógíráàmù 150. Ó tẹ̀ díẹ̀, bí mo sì ṣe kó wọn kúrò ni ó padà sípò. Orí mi wú lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ ni síkúrúù òkè yọ. Apá tó wà níta kò tó kílógíráàmù 40, ṣùgbọ́n ó yọ síwájú ògiri, ó sì ń gbọ̀n: ó ń fa síkúrúù òkè jáde, ó sì ń ti ẹsẹ̀ irin ìsàlẹ̀ wọlé, títí ibẹ̀ fi jin bí àwo ọbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ẹnjinía wò ó, ó ní, “Àbúrò mi, awọ mìlímítà 2 nìkan ni síkúrúù rẹ dì mú. Ẹrù tó bá tàn káàkiri ni ògiri yìí mọ̀ ọ́n gbé.”

A wá gba bóòtù kọjá láti ìta dé inú. Bí a ṣe ń fún nọ́ọ̀tì ni awọ méjèèjì ń wọlé síra wọn, fóòmù sì ń rún. Ẹ̀gbọ́n ní kí a ki ègé páìpù irin sínú ihò kọ̀ọ̀kan kí bóòtù gba inú rẹ̀ kọjá, kí ó lè jẹ́ páìpù ni yóò gba ìfúnpọ̀ náà.

Ibí yìí ni mo ti jìyà. Páìpù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 75 gẹ́lẹ́: bí ó bá kúrú, fóòmù á rún, bí ó bá gùn, irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì kò ní lẹ̀ mọ́ ògiri. Wẹ́dà àkọ́kọ́ gé e sí 72. Nígbà tí mo dá a padà, ó ní mìlímítà mẹ́ta kò já mọ́ nǹkan. Èkejì gé e sí 75, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dagun, etí kan gùn ju 75 lọ, irin pẹlẹbẹ sì jókòó sórí etí náà nìkan. Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi wà lẹ́nu rẹ̀, nínú ooru oṣù kẹta ní Àbújá, láìsí ẹ̀rọ amúlétutù, kí n tó jókòó fi fáìlì irin ha páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra mi, tí mo ń fi rúlà wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wọlé bí ẹni pé wọ́n bá ògiri náà wáyé. A fi irin pẹlẹbẹ gbòòrò há ògiri láti ìta àti inú, a sì fi sílíkọ́ọ̀nù dí etí ihò kí omi má bàa wọ fóòmù. Ìjì tó ṣáájú òjò ti jà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, kò sì mì.

Fún yàrá kẹta tí mo fẹ́ so mọ́ ọn, mo ti ya ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù, kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná àti tẹlifíṣọ̀n yóò wà sórí ìwé, kí wọ́n lè fi igi líle rọ́pò fóòmù níbẹ̀ kí wọ́n tó lẹ awọ pa. N kò ní san owó ìbẹ̀rẹ̀ títí wọn yóò fi fọwọ́ sí ìwé náà.