Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí a bá ń béèrè bí iṣẹ́ wa ṣe rí

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé ìròyìn ọjà tá a tà lọ bá ọ̀gá mi, ìbéèrè kan náà ni mo sì máa ń bi wọ́n: "Mà, ṣé ó dáa?" Wọn á yẹ̀ ẹ́ wò fìrí, wọn á ní, "Ó dáa." Inú mi á dùn. Àfi ọjọ́ tí mo yà lọ́dọ̀ akáǹtáǹtì wa, tí mo bá a tó ń tún ìròyìn mi tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé kẹta ni mo máa ń kọ àpapọ̀ owó sí. Òun ló ń gbé e wá sókè lóṣooṣù. Ẹnì kan ò sọ fún mi.

Má béèrè "ṣé ó dáa?" mọ́. Nílẹ̀ wa, ẹni tí kò bá fẹ́ bà ọ́ nínú jẹ́ á ní ó dáa, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tó o fẹ́ mọ̀ gan-an ni kó o dárúkọ: "Mà, kí lẹ wá nínú ìwé yìí tẹ́ ò tètè rí?" Tàbí kó o ní, "Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí bí màá ṣe kọ èyí tó kàn." Má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn yẹn o. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Harvard Business School jábọ̀ pé àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n gbani nímọ̀ràn lórí lẹ́tà ìwáṣẹ́ tọ́ka sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó ju àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kàn sọ bí wọ́n ṣe rí i lọ.

Má dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, má sì béèrè lójú gbogbo èèyàn. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba lò ń ṣe, má dúró de fọ́ọ̀mù ọdọọdún tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Àṣìṣe oṣù kejì á ti di bárakú kó tó dìgbà yẹn.

Èyí tó burú jù ni àwíjàre. Ẹni náà ò tíì sọ̀rọ̀ délẹ̀, o ti ń sọ pé iná ló lọ, pé lágbájá ni kò tètè fún ọ ní iye ọjà. Ó lè jóòótọ́. Àmọ́ á dákẹ́, á ní "kò burú," kò sì ní là á fún ọ mọ́ láé. Mú bírò, kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀, kó o dúpẹ́. Bó o bá ní àlàyé, jẹ́ kó dọ̀la.

Má sì fi mọ sọ́dọ̀ ọ̀gá nìkan. Lọ bá ẹni tí iṣẹ́ rẹ ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Mo padà lọ jókòó ti akáǹtáǹtì yẹn, kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi hàn mí. Nígbà tí mo gbé ti oṣù kẹrin lọ, òkè pátápátá ni àpapọ̀ owó wà. Ọ̀gá kà á, wọ́n gbójú sókè, wọ́n wá bi mí ní ohun tí wọn ò bi mí rí: "Kí ló dé tí ọjà Ọ̀yọ́ fi já wálẹ̀?"