Bàbá Ọmọ Ò Sanwó Mọ́: Ohun Tí Kò Yẹ Kẹ́ Ẹ Ṣe

Kóòtù ti pàṣẹ pé kí bàbá máa san owó oúnjẹ àti owó iléèwé àwọn ọmọ lóṣooṣù. Ó san oṣù mélòó kan, ó dákẹ́. Tèṣàn ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ ìyá l'Òṣogbo máa ń kọ́kọ́ sáré gbà. Ẹ má dé ibẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Tí wọ́n bá tì í mọ́lé lọ́nà àìtọ́, òun náà ti rí ẹjọ́ pè.

Kóòtù tó pàṣẹ lẹ máa padà sí. Adájọ́ kò lè mọ̀ pé owó ti dúró tí ẹnikẹ́ni kò bá wá sọ. Ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tó ní òǹtẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fìwé pè é. Ẹjọ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni kóòtù ìbílẹ̀ ń dá. Ti rẹ́jísìrì, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni. Tó bá lówó ní báńkì, kóòtù lè pàṣẹ kí báńkì yọ ọ́ fún yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba l'Abẹrẹ (sẹkitéríàtì ìjọba Ọ̀ṣun), owó rẹ̀ tó ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba kò ṣeé gbà báyẹn àfi tí Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba (Attorney-General) bá fọwọ́ sí i.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "kò sanwó, kò ní fojú kan ọmọ." Owó lọ́tọ̀, rírí ọmọ lọ́tọ̀. Tí kóòtù bá ti ní kó máa rí ọmọ, tẹ́ ẹ wá gbé ọmọ pamọ́ fún un, ẹ̀yin náà ti tàpá sí àṣẹ nìyẹn, ọ̀rọ̀ yẹn ni lọ́yà rẹ̀ máa kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́. (Ìyá bàbá wọn tó gbé ẹ̀wà àti iṣu wá wo àwọn ọmọ láti Ìgbọ̀nà, kí ló ṣe?)

Ìpàdé ẹbí ńkọ́? Àwọn àgbà á ní kẹ́ ẹ gba ìdajì, ẹ̀ ó mi orí pé ẹ gbà. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n á jẹ́rìí pé ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Bí owó tó ń wọlé fún un bá ti dín kù lóòótọ́, òun ni kó lọ bẹ kóòtù pé kí wọ́n bá òun dín in.

Ẹ má gba kéèṣì láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún rán ọlọ́kadà lè sọ pé ogún ni. Ẹ ní kó sọ ọ́ sí àkáǹtì.

Tí ẹ kò bá lágbára lọ́yà, ẹ kàn sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń ran aláìlówó lọ́wọ́ lórí ẹjọ́. Ìwé ìdájọ́ àti àkọsílẹ̀ owó ni kẹ́ ẹ mú dání.